Ẹ̀tàdínlógún, Fá Irun Kan

Igi tó bá gba orí ọ̀sà dé Oko Baba
kì í mú gbòǹgbò rẹ̀ bọ̀.
Inú igbó tí wọ́n ti gé e ló fi í sí,
ó wá léfòó títí dé ẹnu ayùn
bí ẹni tí kò ní ará.
Èmi ni mo jókòó sórí pákó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
kọ̀ǹpútà lórí itan, bátìrì rẹ̀ ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá,
tí mò ń wá gbòǹgbò èjì.

Bàbá mi, Sùnmọ́nù káfíńtà, ò bi mí léèrè.
Ilẹ̀kùn ẹnì kan ní Adékúnlé ló wà níwájú rẹ̀,
ó ń wá igi ìdábùú tí yóò lọ láti igun dé igun.
Ó wọn íńṣì méjìlá síbí, méjìlá sọ́hùn-ún,
ó ní, "Ẹ̀tàdínlógún. Fá irun kan kúrò."
Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un ní Ìdúmọ̀tà,
ọ̀gá tí kò mọ̀wé, tí ìka rẹ̀ ku mẹ́jọ.

Ètò tí mo kọ kò gùn:
mú iye òkè, kó ìlọ́po méjì ìsàlẹ̀ lé e, ó di òkè tuntun;
pa òkè àtijọ́ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àtijọ́, ó di ìsàlẹ̀;
tẹ̀ ẹ́ jáde;
padà síbi ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdá nínú ikùn ìdá ni.
Ọ̀kan, àti ìdá kan; ṣí ìdá yẹn,
èjì lo máa bá, àti ìdá kan;
ṣí ìyẹn, èjì;
ṣí i, èjì,
àfi bí ilé tí yàrá inú rẹ̀ tún ní yàrá nínú,
tí onílé ò sì sí ní ìkankan.

Ọ̀kan lórí ọ̀kan. Ẹ̀ta lórí èjì.
Èje lórí àrún.
Mo ka èje lọ́nà méje, mo pe orúkọ rẹ̀ sókè:
ọ̀kàndínláàádọ́ta.
Mo dákẹ́.
Àrún lọ́nà márùn-ún, ìlọ́po méjì, àádọ́ta ni.
Àṣìṣe tí mo fẹ́ ṣírò, orúkọ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀:
ọ̀kan ló dín.
Ta ló kọ́ àwọn baba wa láti máa kà báyìí,
kí wọ́n kọ́kọ́ dé ibi tó tó,
kí wọ́n padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan,
kí wọ́n sì jẹ́wọ́ àìtó náà sínú orúkọ?

Ìlà kẹrin jáde.
Ẹ̀tàdínlógún lórí èjìlá.
Mo pariwo. Tìámíyù ọmọṣẹ́ ju ayùn nù, ó ṣe bí ejò ni.
Mo ṣírò rẹ̀: òkè fi ọ̀kan lé. Irun tí wọ́n ń fá nìyẹn!
"Bàbá, kọ̀ǹpútà ti rí nọ́ńbà yín."
Ó wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ́,
pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ìyẹ̀fun igi nínú irùngbọ̀n.
"Ta ló sọ fún un?"

Mo jẹ́ kó máa lọ.
Ọ̀kànlélógójì lórí ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n: ó dín.
Ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún lórí àádọ́rin: ó lé.
Ó dín, ó lé, ó dín,
bí ọ̀mùtí tó ń wá ojú ọ̀nà ilé láàárín gọ́tà méjì,
tí gọ́tà méjèèjì sì ń súnmọ́ ara wọn.
Nígbà tó kọjá ìlà ogún, mo ní kó pín òkè fún ìsàlẹ̀;
èsì kan náà, èsì kan náà, kò yí padà mọ́.
Ẹ̀rọ rò pé òun ti délé.
Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìgbà wo ló máa parí?"
"Kò ní parí, Bàbá."
"Háà." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu pákó.
"Ọ̀la ni onílẹ̀kùn ń bọ̀."

Bátìrì kú.
Lórí omi, àwọn gẹdú tuntun ń forí gbún ara wọn nínú òkùnkùn.
Mo na ọwọ́ síbi tí igi ìdábùú ti pàdé igun:
èékánná mi ò ríbi wọ̀.